Láti Ṣábẹ dé Malanville: Níbi tí Igi Apá ti Ń Pẹ̀kun

Ilẹ̀kùn àbáwọlé ilé bàbá ìyá mi ní Ṣábẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Igi apá ni wọ́n fi ṣe é. Ikán ti jẹ òrùlé ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti pààrọ̀ fèrèsé, ògiri ti là, wọ́n sì ti tún un rẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà ṣì dúró gbọn-in. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ìparí oṣù kejì ọdún, mo rí i pé pákó kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sán. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo ìdílé ń pè ní Bàbá Káfíńtà, ti fi irin pẹlẹbẹ há a mọ́ra. Mo bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi pákó apá mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, apá wo? Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti fọwọ́ kan pákó apá gbẹ̀yìn. Ní ìhà àríwá ni wọ́n ní ó kù sí. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Bí àsìkò bá wà lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ ká jọ lọ."

Bí ìrìn àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Pákó la wá lọ; ohun tí a bá bọ̀ kì í ṣe pákó.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò tíì dé Ṣábẹ rí, ìlú Yorùbá ni, ní àárín orílẹ̀-èdè Benin. Savè ni àwọn Faransé ń kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn òkè olókùúta ràgàjì ló yí i ká, títì ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Malanville ní etí Odò Ọya sì gba inú rẹ̀ kọjá. Láti Ṣábẹ dé Malanville kò ju 500 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ìrìn yẹn, ènìyàn yóò kúrò níbi tí igi ti pọ̀ bọ́ sí ibi tí koríko ti jọba, yóò sì rí bí igi kan ṣoṣo ṣe ń yí padà bí ojú-ọjọ́ ṣe ń yí.

Kí a tó gbéra, Bàbá mú mi lọ sí ẹ̀yìn ìlú, sí igbó kékeré kan tí àwọn ará ibẹ̀ kì í dáko sí nítorí òrìṣà. Igi apá kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn mẹ́ta kò lè fi ọwọ́ ká. Èso rẹ̀, tó le bí igi, ti là sí méjì lórí ẹ̀ka, hóró inú rẹ̀ sì ti bọ́ sílẹ̀: hóró dúdú tó ń dán, tó dé fìlà kékeré aláwọ̀ ọsàn. Mo ṣa mẹ́fà sápò nítorí ẹwà wọn, láìní èrò kankan lọ́kàn.

Igi apá kì í ṣe àjèjì sí wa. Igi àwọn ìyá ayé ni àwọn àgbà ń pè é, igi tí a kì í déédéé fi àdá kàn. Ìbẹ̀rù yẹn ti ṣe é láǹfààní láti ọdún gbọọrọ. Láti Senegal títí dé Uganda ni ó ti ń hù, ní ẹkùn tó wà láàárín igbó kìjikìji àti ọ̀dàn. Ó ní ìwà kan tó ṣàrà ọ̀tọ̀: ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ tí iná sì ti jó ilẹ̀ dúdú, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ni ó máa ń rú ewé tuntun. Nígbà tí gbogbo nǹkan mìíràn bá dà bí eérú, apá a tutù yọ̀yọ̀. Ẹ fi ìwà yìí sọ́kàn, nítorí òun ni iyì rẹ̀, òun náà ni ewu rẹ̀.

Ohun tí Bàbá fẹ́ kí n wò kì í ṣe igi ńlá náà. Wọ́n ní kí n wo ilẹ̀. Mo wò, mo rí ọmọ apá tí kò ga ju orúnkún lọ, mo rí èyí tó dé ìbàdí, mo rí méjì tó ti ga ju òrùlé ilé lọ. Ó dà bí agbo ilé tí bàbá àgbà, bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ń gbé. Bàbá ní, "Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi kan yóò wà lọ́la, má wo èyí tó ga. Wo èyí tí o lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìmọ̀." Mo rántí ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ọ̀nà.

A kọjá Ṣàáwóró ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a sì dé Paraku lẹ́yìn ọ̀sán. Ní ìlú yìí, èdè Bàrìbá, Dẹ́ńdì àti Yorùbá ń gbá ara wọn lọ́rùn ní ọjà. Títí dé ibẹ̀, ilẹ̀ ò tíì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Òkè-Ògùn: igi òrí, igi irú, ògán gàgàrà lẹ́bàá oko iṣu. Òjò tó ń rọ̀ ní Ṣábẹ tàbí Paraku láàárín ọdún kan máa ń tó bíi 1,100 mílímítà. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fi Paraku sílẹ̀ lọ sí Bembèrèkè àti Kandi, ojú ọ̀run gbòòrò sí i, igi ń kúrú sí i, afẹ́fẹ́ sì gbẹ débi pé ètè mi là. Ní Kandi, òjò kì í ju bíi 1,000 mílímítà lọ, láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá sì ni gbogbo rẹ̀ ń rọ̀. Oṣù tó kù, oòrùn àti ọyẹ́ ló ni ín.

Àwọn igi apá tí a rí lójú ọ̀nà kúrú, ìdí wọn sì kún fún kókó. Àwọn onímọ̀ ti kíyè sí irú ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ní ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Brice Sinsin ti Yunifásítì Abomey-Calavi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí igi apá ní àwọn ẹkùn ojú-ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Benin. Wọ́n wọn gíga àti ìsanra àwọn igi náà láti fi mọ irú ìnira tó ń bá wọn fínra ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n tó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Bàbá: ẹni tó bá ka àgbà, kó ka ọmọ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn Kandi, a kọjá oko òwú tí wọ́n ti ká tán, pẹ̀lú igi osè tó dá dúró láàárín wọn. A yà kúrò lójú títì, a tọ ipa ọ̀nà ẹran lọ sí bèbè odò kékeré kan tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Ibẹ̀ la ti rí àwọn apá tí a wá.

Mọ́kànlá ni wọ́n. Bí mo ṣe kọ́kọ́ rí wọn, n kò mọ̀ pé igi apá ni wọ́n. Wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ka wọn dànù, ó ku ìdí àti kùkùté apá mélòó kan tó nà sókè, bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n gé wà nílẹ̀, ẹran ti jẹ ewé wọn tán. Kò sí èso kankan lórí igi kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí hóró nílẹ̀. Mo wo ilẹ̀ bí Bàbá ti kọ́ mi. Pátákò màlúù ti tẹ̀ ẹ́ le bí àgbàlá. Èmi àti ọmọ Bàbá wá ọmọ apá títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá, a kò rí ẹyọ kan.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Mọ́kànlá wọ̀nyí kò tíì kú. Ewé yóò tún yọ lórí wọn. Ẹni tó bá ń kọjá lọ nínú ọkọ̀ yóò ní apá ṣì wà níbẹ̀, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rọ́pò wọn.

Nígbà tí a fẹ́ padà ni darandaran kan dé pẹ̀lú màlúù bíi ogún, àdá olóòlà gígùn ní èjìká rẹ̀. Ó kí wa ní èdè Faransé, ó kí wa ní Dẹ́ńdì, nígbà tó gbọ́ ohun tí Bàbá ń sọ fún wa, ó ya ẹnu, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá." Ó ti gbé ẹ̀bá Ṣakí fún ọdún méje. Yorùbá rẹ̀ dùn létí ju ti ọmọ Bàbá lọ.

Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ lábẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ṣe àwọn igi yìí báyìí?"

Ó dáhùn pé, "Èmi ṣe díẹ̀, Bàbá. Àwọn ẹlòmíràn ṣe ìyókù."

"Ṣé o kò rí i pé wọn ò so mọ́ ni?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mo rí i. Ojú mi kò fọ́. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá ṣubú ní oṣù kẹta tí kò lè dìde, tí koríko kò sí, tí òjò ṣì ku oṣù méjì, ẹ̀yin náà yóò gun igi yìí. Bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa fi ìdajì orí igi sílẹ̀ kó lè so. Lọ́dún tó kọjá mo fi ìdajì sílẹ̀. Kí n tó padà wá, ẹnì kan ti gé ìdajì yẹn. Lọ́dún yìí, mo gé gbogbo rẹ̀."

Bàbá kò rí èsì fọ̀. Wọ́n fún un ní obì, ó sì fi ọ̀nà omi hàn wá.

Òun náà ló sọ fún wa pé ọmọ apá wà nítòsí, bí a bá fẹ́ rí i. Ó nawọ́ sí òkìtì òkúta kan tí kò jìnnà. A lọ, a bá òkúta ńláńlá tó dúró ti ara wọn, pẹ̀lú igi ẹlẹ́gùn-ún tó dí àlàfo àárín wọn. Láàárín àlàfo yẹn ni ọmọ apá mẹ́rin wà, ọ̀kan ti ga tó mi. Màlúù kò lè kó ẹnu bọ ibẹ̀, àdá kò ráyè, iná ọdọọdún pàápàá kì í kọjá òkúta.

Bàbá jókòó lórí òkúta náà, wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n ní, "Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí ibí yìí àti bèbè odò yẹn."

Gbólóhùn yẹn ló tú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ní alẹ́, nílé èrò ní Kandi, mo gbìyànjú láti tò ó sínú ìwé bí ó ṣe yé mi.

Ní àárín ilẹ̀ tó bá igi kan lára mu, igi náà lè fara da àdánù. Bí ẹran bá jẹ ọmọ rẹ̀ lọ́dún yìí, òjò yóò dára lọ́dún tó ń bọ̀, hóró yóò tún hù. Ṣùgbọ́n ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí òjò kò ti tó nǹkan, ọdún tó dára fún ọmọ igi kì í wá lọ́dọọdún. Bí ọdún rere náà bá wá dé, tí ó bá igi náà láìní hóró nítorí pé wọ́n ti gé orí rẹ̀, ọdún náà ti lọ lásán. Bí hóró bá wà tó sì hù, tí ẹran bá jẹ ẹ́, ó lọ lásán náà. Ìgbà wo ni irú ọdún bẹ́ẹ̀ yóò tún padà wá? Igi tó wà ní ààlà dà bí oníṣòwò tí owó rẹ̀ kò pọ̀: àdánù tí olówó yóò fi rẹ́rìn-ín lè ti ìsọ̀ tirẹ̀ pa.

Ohun kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Mo ti ń rò pé ọ̀dá jẹ́ ọ̀tá kan, pé ẹran jíjẹ jẹ́ ọ̀tá kejì. Darandaran yẹn jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé. Ọdún tí òjò bá ṣẹ́, tí ara igi kò yá, ni koríko tètè tán. Ọdún tí koríko bá tètè tán ni àdá tètè gun igi. Ìgbà tí igi nílò ìsinmi jù ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ wò jù.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí wa. Ọ̀dá ńlá ti ọdún 1973 àti ti ọdún 1984 ló lé ọ̀pọ̀ darandaran kúrò ní ìhà Sahel wá sí ìsàlẹ̀, títí dé ilẹ̀ Yorùbá. Òjò ti padà díẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n ooru ń pọ̀ sí i, òjò sì máa ń wá lójijì pẹ̀lú agbára, kó tó tún dá fún ọjọ́ púpọ̀. Ọmọ igi tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì rìn jìnnà ni irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ń pa.

Kì í ṣe apá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Orou Gaoue, onímọ̀ ọmọ Benin, àti Tamara Ticktin ti Yunifásítì Hawaii ṣe ìwádìí lórí ọ̀gánwó inú ọ̀dàn ní Benin. Igi yìí náà ni àwọn Fúlàní ń gé ewé rẹ̀ fún ẹran, tí àwọn mìíràn sì ń bó èèpo rẹ̀ fún àgbo. Wọ́n rí i pé níbi tí wọ́n ti ń gé e púpọ̀, ọmọ igi kò pọ̀ tó ti ibi tí wọ́n ti ń gé e níwọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ẹ̀bi gbogbo sí darandaran lọ́rùn kò ṣe òtítọ́. Oko òwú ti gba ilẹ̀ tí ẹran ń jẹ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló sì kó gbogbo màlúù jọ sí bèbè odò. Àwọn tó ń sun èédú wà níbẹ̀, àwọn tó ń dáná sun ìgbẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò gẹdú wà níbẹ̀ débi pé, ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè àdéhùn CITES ní Panama fi àwọn igi apá ilẹ̀ Áfíríkà sínú àkọsílẹ̀ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ tà sókè òkun láìsí ìwé àṣẹ. Àwa káfíńtà pàápàá wà níbẹ̀, bí Bàbá ti fi ẹnu ara wọn sọ. Ìjọba Benin fòfin de kíkó màlúù láti ilẹ̀ òkèèrè wọlé wá jẹko ní ìparí ọdún 2019, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí a bá pàdé, ọmọ Benin ni, ebi sì ń pa màlúù tirẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ kẹrin, a dé Malanville. Ọjà ìlú náà kún fún àlùbọ́sà àti ìrẹsì, eruku rẹ̀ pọ́n. Mo dúró ní etí Odò Ọya, mo wo ilẹ̀ Niger lódìkejì. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀ ni igbó ńlá tí wọ́n ń pè ní W wà, tí wọ́n fi ìrísí lẹ́tà náà sọ lórúkọ nítorí bí odò ṣe lọ́ nítòsí rẹ̀. Igbó náà tàn dé Benin, Burkina Faso àti Niger. Inú irú igbó àbò bẹ́ẹ̀ ni apá ń sá pamọ́ sí ní òpin ilẹ̀ rẹ̀. A kò lọ síbẹ̀, nítorí àwọn agbébọn ti sọ ọ̀nà rẹ̀ di ewu. Ó dùn mí pé ibi tí igi náà ti nílò ẹni tí yóò ka ọmọ rẹ̀ jù ni ẹsẹ̀ kò lè dé mọ́.

Bàbá bu omi odò náà, wọ́n fi bọ́jú. Wọ́n ní, "Mo rò pé ibí ni n óò ti rí pákó. Àṣé láti ilé wa ni apá ti pọ̀ jù."

A padà sí Ṣábẹ láìmú pákó kankan lọ́wọ́. Bàbá ra tíìkì tí wọ́n gbìn lóko, wọ́n fi dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà. Àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àtijọ́ mu, ẹni tó bá wọlé yóò rí i lójú ẹsẹ̀.

Mo rántí hóró mẹ́fà tó wà nínú àpò mi ní ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sí Ìbàdàn. Èmi àti Bàbá gbìn wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé. Ní oṣù kẹfà, wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní mẹ́rin ti hù.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò wọn fún mi."

Wọ́n ní, "Méjì ni n óò yà. Ewúrẹ́ ìyàwó mi ti jẹ méjì lánàá. Mo ti fi ẹ̀gún yí ìyókù ká."